Ṣé réluwéè àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì lè padà máa kó èrò lójoojúmọ́?

Ó lè rìn o, iṣẹ́ ojoojúmọ́ yẹn ni kò ní lè gbé. Ẹ́ńjìnnì onísítíìmù, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi ń dáná sí i kó tó gbéra, omi tún ń tán nínú ẹ̀ lójú ọ̀nà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rèé, bọ́ìlà ẹ̀, ìyẹn ìkòkò ńlá tí omi ti ń hó, kì í sábà ju ọdún 10 lọ kí wọ́n tó tú u palẹ̀ tún un ṣe, owó ńlá sì nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Flying Scotsman, réluwéè onísítíìmù olókìkí tí wọ́n kọ́ ní 1923, fi jẹ́ pé àwọn onífàájì ló ń gbé, kì í ṣe àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Lójú tèmi o, ojú irin gan-an ni àwọn tó ń tọ́jú réluwéè àtijọ́ ti wúlò jù. Ẹ wo ìlú Okehampton ní Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1972 ni wọ́n dá ọkọ̀ èrò ojoojúmọ́ ibẹ̀ dúró, àmọ́ wọn ò hú irin yẹn torí òkúta tí wọ́n ń fọ́ ní Meldon, nígbà tó yá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tún ń sáré fàájì lórí ẹ̀, bí ọkọ̀ èrò ṣe padà ní November 2021 nìyẹn. Ojú irin Borders ní Scotland ńkọ́? Wọ́n tì í ní 1969, wọ́n hú irin ẹ̀ dànù, ó di 2015 kó tó padà, ojú irin tuntun tó tó 30 máìlì ni wọ́n sì tẹ́. Ọkọ̀ oní-dísù ló ń ná méjèèjì báyìí.