Kí Ni Ó Ń Mú Kí Róòsì Píǹkì Wọ́wé Lásìkò Òjò ní Èkó?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Súrùlérè ni mo sì ń gbé, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta. Àyè tóóró kan wà láàárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì tí mo sọ di ọgbà. Mo ra róòsì kan lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òdòdó létí títì, irú èyí tí kì í ga ju àyà ènìyàn lọ, tí ó ń ya ẹ̀ka púpọ̀ láti ìdí, tí òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ píǹkì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tanná débi pé àwọn aládùúgbò ń bi mí níbi tí mo ti rà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti dé, àmì dúdú ti bo ewé rẹ̀, ewé náà ń pupa rúsúrúsú, ó sì ń já bọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, mo sì ti da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ṣé ooru Èkó ni kò bá a lára mu ni? Ṣé kí n hú u kúrò nínú ìkòkò kí n gbìn ín sílẹ̀?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ooru, nítorí pé ooru kọ́ ni ó ń bá igi yín jà. Ohun tí ń pa róòsì ní Èkó ni omi tí ó ń pẹ́ lórí ewé, bí ewé yóò ṣe máa tètè gbẹ ni ó sì jẹ mí lógún nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Àrùn tí ẹ ṣàpèjúwe yìí ni a ń pè ní black spot, ìyẹn àrùn àmì dúdú. Diplocarpon rosae ni orúkọ ohun abẹ̀mí tí ó ń fà á, ìbátan sì ni fún ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu. Àwọn hóró rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, máa ń bá omi òjò ta láti ara ewé tí ó ti bọ́ sílẹ̀ lọ sára ewé tútù. Bí omi bá wà lórí ewé náà fún nǹkan bíi wákàtí méje láìgbẹ, hóró náà yóò ti rí ọ̀nà wọlé; bí ewé bá ti gbẹ ṣáájú ìgbà náà, kò ní lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ́dọ̀ yín. Oṣù Kẹfà ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù, atẹ́gùn kì í fẹ́ dáadáa láàárín ògiri méjì, ẹ sì tún ń bomi rin igi náà nírọ̀lẹ́. Omi tí ó bá ta sí ewé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lè má gbẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Nítorí náà, àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín, ìdí igi nìkan sì ni kí omi náà máa lọ. Ẹ fi ike bu omi sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má ṣe fi rọ́bà fọ́n ọn láti òkè. Kí ẹ tó bomi rárá, ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ dé oríkèé kejì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀.

Kò sí oògùn tí yóò pa àmì tí ó ti wà lára ewé rẹ́. Ẹ já àwọn ewé tí ó ti pupa, kí ẹ ṣa gbogbo èyí tí ó ti bọ́ sínú ìkòkò àti sí ìdí ògiri, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá fún àwọn akólẹ̀, nítorí pé ara wọn ni àrùn náà yóò ti tún gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí àmì kan ṣoṣo já ewé tí ó ṣì tutù yọ̀yọ̀ dànù. Ewé ni igi fi ń rí oúnjẹ jẹ, mo sì ti rí róòsì tí wọ́n fi ìtara já sí ìhòòhò tí kò ní agbára láti rúwé mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn, àwọn tí ń ta oògùn oko ní èyí tí kọ́pà wà nínú rẹ̀. Ewé tuntun ni ó ń dáàbò bò, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣa ewé búburú tán, kí ẹ tó fín in ní àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ gan-an, kí àwọn ọmọdé má sì sí nítòsí.

Ibi tí igi náà dúró sí ṣe pàtàkì ju oògùn lọ lójú tèmi. Róòsì fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́, oòrùn àárọ̀ ni ó sì dára jù, nítorí pé òun ni ó ń gbẹ ìrì àti òjò òru kúrò lórí ewé. Nínú àyè tóóró, òjìji ògiri ni ó ń pinnu èyí, òjìji náà kì í sì í dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní Èkó, láti bí oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá. Ní àwọn oṣù yòókù, ìhà gúúsù ni. Ilé alájà mẹ́ta lè ga tó mítà mẹ́wàá, òjìji rẹ̀ yóò sì nà tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí ìhà gúúsù ní ọ̀sán gangan oṣù Kẹfà. Bí ọgbà yín bá wà ní ìhà gúúsù ilé, ibi tí oòrùn ń ta sí gbangba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti di abẹ́ òjìji lásìkò òjò, ìgbà tí igi náà nílò oòrùn jù. Ẹ ṣọ́ ọ láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí ẹ sì gbé ìkòkò náà lọ síbi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń dé. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri tó ẹsẹ̀ méjì, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbìn ín sílẹ̀: ohun tí a bá ti gbìn sílẹ̀ kò ṣeé sún. Ìdí mìíràn ni pé ilẹ̀ tí ó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì sábà máa ń kún fún àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà bò mọ́lẹ̀. Róòsì fẹ́ ilẹ̀ tí ó ní kíkan díẹ̀, 6 sí 6.5 lórí ìwọ̀n kíkan tí a ń pè ní pH, sìmẹ́ǹtì sì ń ba kíkan yẹn jẹ́. Igi kò ní lè fa irin láti inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ewé tuntun yóò sì máa pupa rúsúrúsú láìní àmì dúdú kankan, nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Ìkòkò tí ó fẹ̀, tí ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45, tí ihò wà ní ìdí rẹ̀, tí a gbé lé orí búlọ́ọ̀kù kí omi lè ṣàn jáde, ti tó o. Ẹ po ilẹ̀ dúdú apá méjì, yanrìn odò apá kan àti ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà apá kan pọ̀. Ẹ má ṣe lo yanrìn etí òkun nítorí iyọ̀. Àwọn tí ń gbé ní Erékùṣù Èkó, tí omi kànga wọn ní iyọ̀, ní láti máa gbé omi òjò pamọ́ fún róòsì wọn.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ gbá èyí tí ó kù lórí ilẹ̀ ìkòkò kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ó jẹrà fún oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó tún lò ó.

Ní ti gígé, ẹ má ṣe tẹ̀lé àwọn ará ìlú òtútù tí ń gé róòsì wálẹ̀ pátápátá. Òtútù máa ń mú kí igi tiwọn sùn, igi náà á sì ti kó oúnjẹ pamọ́ ṣáájú, ṣùgbọ́n róòsì Èkó kì í sùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni kí ẹ gé mọ ní ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń lọ sílé. Ẹ fi àlùmọ́gàjí mímú gé ẹ̀ka ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí òkè ojú (ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń rú) tí ó kọjú síta, kí ẹ sì yọ àwọn ẹ̀ka tí ó fara kọ́ra ní àárín, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó máa ń gbà kí òdòdó tuntun tó yọ, èyí tí yóò bọ́ sí àkókò Kérésìmesì. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò fún àwọn kòkòrò wínníwínní tí ń ta òwú bí aláǹtakùn; ìgbà yẹn nìkan ni mo fara mọ́ kí ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé láàárọ̀, nítorí pé kíá ni ọyẹ́ yóò gbẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí igi náà tún wọ́wé lásìkò òjò tí ń bọ̀, ẹ pààrọ̀ irú rẹ̀. Knock Out, irú róòsì kan tí William Radler mú jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó sì dé ọjà ní ọdún 2000, lágbára sí àrùn yìí gan-an, ó sì ní èyí tí ó jẹ́ píǹkì. Old Blush, róòsì píǹkì àtijọ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà, fara da ooru dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń tà létí títì kì í sábà ní orúkọ, nítorí náà èyí tí mo fọkàn tán jù ni róòsì tí ẹ bá rí nínú àgbàlá ẹnìkan ní oṣù Keje, tí ewé ṣì kún ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ tọrọ ẹ̀ka kan tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kí ó nípọn tó pẹ́ńsù, kí ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti ìdajì rẹ̀ bọ inú yanrìn odò tí ó tutù, kí ẹ gbé e sí abẹ́ ibòòji títí yóò fi ta gbòǹgbò.