Ẹyẹ ìgbà òtútù ní Sheppey: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú òtútù o. Ẹ ní àwọn ọmọ fẹ́ wo ẹyẹ etíkun nígbà ìsinmi Kérésì, pé níbo ló sún mọ́ Gillingham, irú awò awọ̀nàjíjìn wo ni kí ẹ sì rà. Ẹ lọ sí Sheppey, erékùṣù kan ní Kent lẹ́nu odò Thames. Ẹ gba orí afárá, ẹ yà sí Elmley, ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹyẹ, tàbí kí ẹ wa mọ́tò dé Leysdown, abúlé etíkun. Ìyẹn ò le. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó le.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sétí omi kan lágbègbè yẹn. Mo ti wo ìgbà tí omi máa kún lórí fóònù: aago 2:40 ọ̀sán. N kò mọ̀ pé ti London Bridge, afárá kan láàárín ìlú London, ni mò ń wò. Ẹnu odò Thames ni omi òkun ń gbà wọlé kó tó gòkè dé ìlú London, nítorí náà yóò ti kún ní Sheerness, ìlú tó wà ní Sheppey, fún ohun tó lé ní wákàtí kan kó tó kún lábẹ́ afárá yẹn. Mo bi ọ̀gá onímọ̀ kan tó gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní àkókò ṣì pọ̀ kí omi tó dé. Ìyẹ́ apá ẹyẹ kan ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jiyàn lé lórí.

Omi ò gba iwájú wá o. Ẹ̀yìn ló gbà. Àwọn ojú ọ̀gbàrá tóóró inú ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kún, jẹ́jẹ́, nígbà tí ẹ bá ń wo òkun. Ibi tí a fò kọjá ní aago 11 ti di odò kí aago 12 tó lù. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ gbé mi dé itan. Mo fa ẹsẹ̀ yọ, bàtà rọ́bà dúró síbẹ̀. A padà sórí òkìtì koríko kan tí kò ju tábìlì ìjẹun méjì lọ. Fóònù tó ṣì ní iná dáadáa kú fin-ín. Òtútù ló ń ṣe bátìrì bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ní, “Dádì, ṣé ó máa dé ibí?” Mo ní rárá. N kò mọ̀.

Nígbà tí omi fà tí a jáde, oòrùn ti ń wọ̀, aago 4 ò sì tíì lù. Òṣìṣẹ́ kan pàdé wa, ó ní ṣé a ò ka pátákó ni. Pátákó tí iyọ̀ òkun ti jẹ lẹ́tà orí ẹ̀ tán!

Ti Sheerness ni kí ẹ wò. Ìgbà tí omi ń kún ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá di àrànmọ́jú, omi á ga ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Orí ògiri erùpẹ̀ tí wọ́n mọ dí omi ni kí ẹ dúró sí. Fóònù, àpò inú. Bí omi bá ká yín mọ́, ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard, àwọn agbẹ̀mílà etíkun, lẹ fẹ́.

Bí omi bá ń kún gan-an ni ẹyẹ ń sún mọ́ yín, torí ẹrẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹun ti bò. Brent goose, tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ dúdú ńlá, Siberia ló ti ń wá. Àgbà ní funfun bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn; ọmọ ọdún yìí ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lápá. Tọmọtọmọ ni wọ́n ń rìn, kí àwọn ìbejì máa kà wọ́n. Bí koríko inú omi bá tán, wọ́n á kó wọ oko àlìkámà. Ẹ má bá wọn wọ oko olóko. Ẹ jókòó sínú mọ́tò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹyẹ kì í sá fún mọ́tò bó ṣe ń sá fún èèyàn. Bí ẹ bá gbọ́ ìbọn láàárọ̀, ọdẹ ni. Òfin gbà wọ́n láyè létí omi títí di 20 oṣù Kejì.

Ẹ óò rí ẹyẹ funfun kan, ẹsẹ̀ dúdú, ọmọ ìka yẹ́lò. Kì í ṣe lékeléke wa, àmọ́ mo ṣì na èékánná sí i.

Awò, mo ti fẹ́ gbàgbé: 8x42, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta onílọ̀ọ́po 10 fún yín, atẹ́gùn á máa mì ín. Tòkunbọ̀ ni tèmi, ojú kan rẹ̀ ti há. Ọmọ mi ló ń gbé e kọ́rùn báyìí. Kì í sọ̀ kúrò lórí ògiri.