Èsì: Kí ló kan ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ nínú ìmìtìtì ilẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló kan àwọn tó ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń mì. Ẹ wo KNMI, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè Netherlands, tí onímọ̀ ojú ọjọ́ kan, Buys Ballot, dá sílẹ̀ lọ́dún 1854. Àwọn náà ló ń ṣọ́ méjèèjì.

Ní agbègbè Groningen níbẹ̀, àfọwọ́fà ni ìmìtìtì ilẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa gáàsì lábẹ́ ilẹ̀. Bó ṣe ń dínkù, òkúta tó gbà á sínú ń fún pọ̀, ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ á yọ̀, ilẹ̀ á mì. Èyí tó mi abúlé Huizinge lóṣù kẹjọ 2012 ò ju ìwọ̀n 3.6 lọ, àmọ́ kò jìn sílẹ̀ rárá, ni ògiri ilé bá ń sán.

Èyí tó wù mí jù ni kànga tóóró tí wọ́n gbẹ́ káàkiri, mítà 200 sísàlẹ̀, tí wọ́n wá to ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì sínú rẹ̀ ní mítà 50 síra. Lókè, ọkọ̀ àti atẹ́gùn ń da ẹ̀rọ láàmú. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó pa rọ́rọ́.

Wọ́n fòfin ti pápá gáàsì ọ̀hún pa lọ́dún 2024. Ilẹ̀ ò tíì yéé mì o.