Ṣé Sólà Ọ̀fẹ́ Ń Bọ̀ Lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Oníwáyà. Ẹja yìnyín ni mo ń tà ní Ìkéré-Èkìtì. Lóṣù tó kọjá, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, páálí ẹja méjì ni mo kó dànù. Ọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ wa, ó ní ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlànà lórí iná òòrùn, pé sólà ọ̀fẹ́ ń bọ̀ fún àwa oníṣòwò, ká san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún fọ́ọ̀mù. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni ìlànà náà wà fún?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìkéré

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọ̀ràn ẹja. Ẹ má san kọ́bọ̀ o. Ọjọ́ tí ẹ bá san án lẹ rí ọkùnrin yẹn mọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣá, òun ni irú wọn fi ń mú èèyàn. Lọ́dún 2015, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan lórí iná tí à ń rí látara òòrùn, afẹ́fẹ́, odò àti pàǹtírí oko. Ṣùgbọ́n ìlànà ò ní eyín. Òfin ló ní. Òfin tó kàn yín ni ti iná mọ̀nàmọ́ná, tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ṣáájú rẹ̀, ní Oṣù Kẹta, wọ́n ti tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe kí ìpínlẹ̀ lè máa pèsè iná, kó sì máa pín in, kódà níbi tí wáyà àpapọ̀ dé. Èkìtì ò sùn. Nígbà tó fi di ọdún 2024, àkóso ọ̀rọ̀ iná ti kúrò l'Ábùjá wá sílé. Àwa, Ẹnúgu àti Oǹdó la ṣíwájú.

Òfin 2023 yẹn tún sọ pé ẹni tí iná tó ń pèsè kò bá ju mẹ́gáwáàtì kan (mílíọ̀nù kan wáàtì) lọ kò nílò láísẹ́ǹsì. Mẹ́gáwáàtì kan á gbé fírísà wáàtì 150 tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà! Nítorí náà, kò sẹ́ni tí ẹ máa tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì sórí ìsọ̀.

Ti sólà ọ̀fẹ́ ńkọ́? Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún sólà ní Nàìjíríà ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná lọ sí abúlé ni wọ́n ń bá lò ó. A kì í ru fọ́ọ̀mù rẹ̀ kiri ọjà.

Ó ku ti apá yín. Ká ní wáàtì 150 ni fírísà yín. Kì í fi gbogbo ọjọ́ ṣiṣẹ́, á sinmi, á tún dìde. Bó bá ṣe wákàtí 12 lóòjọ́, á jẹ 1,800 wáàtì-wákàtí. Èkìtì kì í ṣe Sókótó, ní oṣù kẹjọ pàápàá òòrùn wa a máa tijú, torí náà ẹ ka òòrùn gidi sí wákàtí mẹ́ta péré. Bí ẹ bá pín 1,800 sí mẹ́ta, wáàtì 600 ni. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 méjì á gbé e, á sì ṣẹ́kù díẹ̀, kí bátìrì sì gbé e di àárọ̀.

Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí fírísà ń lò, ni kí ẹ má ṣe ṣahun sí. Èmi tí mo pe ara mi ní oníwáyà, ínfátà wáàtì 300 ni mo gbé fún ìyàwó mi níbi tó ti ń ta omi tútù, torí 150 ni wọ́n kọ sẹ́yìn fírísà rẹ̀. Mi ò rántí pé bí fírísà bá ń dìde, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún iye yẹn. Ínfátà náà ò lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi jó. Títí dòní, bí iná bá ṣẹ́jú, ẹ̀rín ni ìyàwó mi ń fi mí rín. Ẹ ra ínfátà wáàtì 1,000 ó kéré tán.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fírísà yẹn. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ó ṣeé ṣe kó ti máa jò. Tiwa jò fún ọdún méjì kí n tó fọwọ́ kàn án.