Èsì: Bí aṣòfin Nunavut ṣe lè rí ìdáhùn gidi gbà lórí ọ̀rọ̀ ilé

Ẹ bèèrè ìdí tí aṣòfin tó ń ṣojú Nunavut, ní àríwá Kánádà, nílé aṣòfin àpapọ̀ kì í fi í rí ìdáhùn gidi gbà. Ní àkókò ìbéèrè nílé aṣòfin, ìṣẹ́jú àáyá 35 péré ni wọ́n ń fún un láti bèèrè, 35 náà ni mínísítà fi ń fèsì. Kó yáa kọ ìbéèrè sílẹ̀, kó ní kí ìjọba dáhùn láàárín ọjọ́ 45. Iye ilé tí wọ́n kọ́ parí ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni kó bèèrè, kì í ṣe owó tí wọ́n kéde.

Ìlú 25 ló wà ní Nunavut, kò sí ọ̀nà mọ́tò tó so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó pákó wá, ní ìwọ̀nba oṣù tí yìnyín bá fi yọ́. Bí owó bá pẹ́ dé, ọdún kan gbáko ti lọ nìyẹn. Èrò á há sínú ilé, ọ̀rinrin kò ní rọ́nà jáde, ara ògiri á bu, á dúdú. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọdé ń sùn!