Ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "comfortable"

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ láàárọ̀ yìí kí n tó wọ iṣẹ́. O ní ìdánwò IELTS rẹ, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé wọ́n lè ní kí o sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó lówó, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kan náà ni "rich", "wealthy" àti "well-off", àti èyí tó yẹ kí o lò. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó lè dá ọ lóró kò sí nínú mẹ́ta tí o kọ yẹn. "Comfortable" ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi kúrò nínú yàrá mi lóṣù Kọkànlá ọdún 2023.

Ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti wá kàwé gboyè kejì. Bàbá mi ló ń sanwó, díẹ̀díẹ̀ la sì ń san án. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ní kí náírà lọ wá iye tó tó fúnra rẹ̀ lọ́jà, dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Pọ́n-ùn náà fò sókè tẹ̀lé e. Owó tí bàbá mi ti kó jọ sílẹ̀ fún àsanparí kò tó mọ́. Ó ta ilẹ̀ kan, síbẹ̀ kò tó.

Ilé-ìwé náà ní owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí nǹkan bá le fún, mo sì gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí ẹbí mi ṣe rí. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo kọ ọ́ pé bàbá mi jẹ́ "a well-to-do man, respected in our town". Bọ̀rọ̀kìnní ló wà lọ́kàn mi: ẹni tó níwà, tó lórúkọ, tí wọn kì í fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Àṣé kò sí ìwà nínú "well-to-do" ti òyìnbó. Owó lásán ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n pè mí. Obìnrin kan ló jókòó síwájú mi, fọ́ọ̀mù mi wà lórí tábìlì, ó sì ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ "well-to-do". N ò mọ ohun tí ìlà yẹn ń wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Would you say your family is comfortable?" Àbúrò, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ṣé ara tu àwọn ará ilé rẹ, kí ni wàá sọ? Ṣé wàá fẹnu ara rẹ pe òṣì wálé ni? Mo ní: "Yes, by the grace of God, we are very comfortable." Àlàáfíà ni mo ń sọ. Mo ń sọ pé a ò bínú sí ara wa, pé ìyá mi ti gbádùn, pé kò sẹ́ni tó wà lórí àìsàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú mi wà lára báírò náà bó ṣe ń kọ ọ́, mo tiẹ̀ rò pé ó ń gba tèmi rò. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méje lọ.

Lọ́jọ́ kọkànlá, èsì wọlé sórí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì. Wọn ò fún mi. Wọ́n ní èmi fúnra mi ti jẹ́rìí pé ẹbí mi "comfortable", kí n lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin títí bọ́ọ̀sì fi gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, n ò lè san owó yàrá mọ́. Mo di ẹrù mi sínú Ghana-must-go méjì, mo sì lọ sùn sórí kápẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Òtútù oṣù Kejìlá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mo máa ń da aṣọ kúrò nínú ọ̀kan nínú àpò náà, kí n ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ̀ ọ́ kí n tó lè sùn. Ilé-ìwé ti gbé mi kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, n ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí bàbá mi bá pè, mo ní dáadáa ni.

Mo padà lọ bá obìnrin náà. Ó ní òun béèrè, mo sì dáhùn, kí ló tún kù? Ìwé báńkì bàbá mi wà nínú fáìlì níwájú rẹ̀, ojú ewé mẹ́fà, kò sẹ́ni tó ṣí i. Wọ́n fi ìwé tó ń sòótọ́ sílẹ̀, wọ́n wá di ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò mú. Títí di òní, inú mi ò tíì rọ̀ sí wọn.

Ìyá àgbà òyìnbó kan tó máa ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ló là mí lójú. Mo fi lẹ́tà hàn án. Ó kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ọ̀pọ̀ olówó ilẹ̀ àwọn kì í sọ pé àwọn "rich", ojú máa ń tì wọ́n. "We're comfortable" ni wọ́n ń sọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò sì ti mọ̀ pé ilé wọn kò ní gbèsè lọ́rùn, owó sì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá owó ìrànwọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde lẹ́nu. Ó fa àpò lẹ́tà náà gbà, ó kọ ohun tó yẹ kí n ti sọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: "Money is very tight. We are struggling to make ends meet." Ìyẹn ni pé owó há wa lọ́wọ́ gan-an, agbára káká la fi ń rí jẹ. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun ló bá mi kọ ẹ̀bẹ̀ kejì, wọ́n sì fún mi ní ìdajì lóṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, bóo bá dé ibí tẹ́nikẹ́ni ní ọ́fíìsì bi ọ́ bí ilé rẹ ṣe rí, má fi àdúrà dáhùn. Iye owó ni kí o dárúkọ. Sọ iye tó ń wọlé, sọ iye tó ń jáde, kí o sì ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Loaded", ẹni tí owó kún ọwọ́ rẹ̀, ńkọ́? Ìyẹn náà ti fẹ́ ba tèmi jẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe báyìí. Lóṣù àkọ́kọ́, mo sọ fún ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá kan pé ìyá náà "is loaded". Ọmọ ìyá náà gbọ́. Òrùka kan sọnù lọ́sẹ̀ yẹn, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò nílé náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n rí òrùka nínú àpò aṣọ ìwọ̀sùn ìyá. "Loaded", "minted", "rolling in it", ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni gbogbo wọn. "Filthy rich" àti "stinking rich" tiẹ̀ burú jù, ìlara tàbí ẹ̀gàn máa ń wà nínú wọn. Má sọ èyíkéyìí lẹ́nu iṣẹ́. Bí òyìnbó bá sì sọ fún ọ pé "That's rich", kì í ṣe owó ló ń sọ, ó ń bínú ni, pé ojú rẹ le tí o fi lè sọ ohun tí o sọ.

Àwọn àgbà níbí tún máa ń sọ pé ẹnì kan "isn't short of a bob or two", pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. "Bob" ni ṣílè ayé àtijọ́, 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Wọ́n ti pa á tì láti ọdún 1971, àwa náà pa tiwa tì ní 1973, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́nu wọn.

Tìrẹ wá kù. "Rich" ni olówó. Ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lánàá lè jẹ́ "rich" lónìí. "Wealthy" ni ọlọ́rọ̀, ẹni tó ní ilé, ilẹ̀, ohun tí ọmọ rẹ̀ máa jogún. "Well-off" ni ẹni tó rí já jẹ, tọ́wọ́ rẹ̀ tó ẹnu tó tún ṣẹ́ kù. Ìyẹn ni kí o lò fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń tajà ní Bódìjà tí o fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Má sọ pé ó "buoyant". Àwa là ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Létí òyìnbó, ohun tó léfòó lórí omi ni, tàbí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn. Má sì fi "silver spoon" yìn ín, ajẹbọ́tà lo pè é yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ó làágùn kó tó là.

Àwọn olùkọ́ ìdánwò tó ń gbowó lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ń ní kí ẹ há "affluent" àti "opulent" sórí, wọ́n ń tàn yín. Àdúgbò olówó bí Ìkòyí ni wọ́n ń pè ní "an affluent area". Ìdá kan nínú mẹ́rin máàkì ọ̀rọ̀ sísọ ló wà fún bí o ṣe mọ ọ̀rọ̀ lò, èyí tó bọ́ sí àyè rẹ̀ ni wọ́n sì ń wá. Wọ́n á fún ọ ní ìṣẹ́jú kan láti ronú, wàá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì.

Kọ ohun tí o fẹ́ sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o gbé e síbí. Mo ń bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láago mẹ́jọ alẹ́, màá kà á.