Ṣé DSS lè máa gbọ́ ìpè fóònù wa ní Kàbà nítorí ọ̀rọ̀ ajínigbé?

Wọ́n lè gbọ́ ọ, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ adájọ́. Abala 37 ìwé òfin 1999 ló dáàbò bo ọ̀rọ̀ orí fóònù. Abala 45 fàyè gba òfin tó lè dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú. Nínú ìlànà 2019 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ṣe lórí gbígbọ́ ìpè, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ kíá, kí wọ́n sì tọrọ àṣẹ láàárín wákàtí 48. Bí adájọ́ bá kọ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹbí tí ajínigbé ń pè fún owó ìtúsílẹ̀ lè gbà kí wọ́n máa gbọ́ ọ. Wọn ò nílò àṣẹ nígbà náà, bí ẹ̀rí bá ti wà pé ẹbí gbà. Kí wọ́n gba fóònù èrò ọkọ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, kí wọ́n máa tú WhatsApp rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn o: ìlànà yìí kò fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀.